Ọ̀nà Tí Ohùn Ń Gbà Wọ Kọ̀ǹpútà: Fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Sítúdíò ní Kùtọ́nú

Ọ̀pọ̀ orin tí ẹgbẹ́ Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou gbà sílẹ̀ láàárín 1972 sí 1975 fún àwọn ilé-iṣẹ́ àwo kéékèèké, kì í ṣe inú sítúdíò ni wọ́n ti gbà wọ́n. Inú ilé ni. Ẹ̀rọ Nagra ni wọ́n lò, ẹ̀rọ onítéèpù tí Stefan Kudelski ṣe ní Switzerland, pẹ̀lú máìkì kan tàbí méjì. Nígbà tí odindi ẹgbẹ́ bá ń ṣeré sínú máìkì kan, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè padà wá lọ́la láti dín ohùn ìlù kù. Bí fèrè bá bo akọrin mọ́lẹ̀, afunfèrè ni yóò sún sẹ́yìn. Bí gìtá kò bá dún tó, onígìtá ni yóò sún síwájú. Ibi tí oníkálukú dúró sí nínú yàrá ni ìdàpọ̀ ohùn, ó sì gbọ́dọ̀ ti parí kí téèpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe rí, kó wá àkójọ The Vodoun Effect, tí ilé-iṣẹ́ Analog Africa ti Jámánì gbé jáde ní 2008. Kó wá gbọ́ ìkejì rẹ̀, Echos Hypnotiques, tó kó orin tí ẹgbẹ́ náà ṣe fún ilé-iṣẹ́ àwo Albarika Store, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rìn dé sítúdíò EMI ní Èkó. Àwọn eléré kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Yàrá àti ẹ̀rọ ló yàtọ̀, etí sì ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà kedere.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ohùn ní Kùtọ́nú máa ń béèrè jù: logiciel, ìyẹn sọ́fítíwíà, wo ló dáa jù? Wọ́n ti gbọ́ FL Studio, wọ́n ti gbọ́ Cubase, Pro Tools, Reaper, Audacity, wọ́n sì rò pé ọ̀kan nínú wọn ni yóò mú orin àwọn dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe nísàlẹ̀, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ náà yóò lè fúnra rẹ̀ mú èyí tó bá a mu.

Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ni ohùn. Máìkì ń sọ ìgbọ̀n yẹn di iná mànàmáná tó kéré jọjọ. Ẹ̀rọ tó ń jókòó láàárín máìkì àti kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo Kùtọ́nú ń pè ní carte son, ń gbé iná náà ga, ó sì ń wọ̀n ọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000, ó sì ń kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Etí èèyàn tó jí pépé kò gbọ́ ìró tó ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká tó lè mú ìró kan láìbà á jẹ́, a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ju ìlọ́po méjì iye ìgbà tó ń gbọ̀n lọ. Ìlọ́po méjì 20,000 ni 40,000. Èyí tó lé lórí rẹ̀ jẹ́ àyè tí ẹ̀rọ nílò láti fi sẹ́ ìró tó ga ju ti etí lọ kúrò.

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan náà ní bó ṣe kúnná tó. Bit 16 fúnni ní ipele 65,536 láti inú ìdákẹ́jẹ́ dé ibi ariwo tó ga jù. Bit 24 fúnni ní ipele tó lé ní mílíọ̀nù 16. Bit 24 ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lò, nítorí pé yóò lè gba ohùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́ láìsí ìbẹ̀rù. Lórí òṣùwọ̀n kọ̀ǹpútà, òdo ni òkè pátápátá, kò sí nọ́ńbà kankan lókè rẹ̀ tí carte son lè kọ. Bí akọrin bá ké tí ohùn rẹ̀ kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ á gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ohùn á há, kò sì sí sọ́fítíwíà tó lè dá a padà sí bó ṣe jáde lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù nínú ohùn dúró ní nǹkan bíi -12 lórí òṣùwọ̀n yẹn.

Àyè tí èyí ń gbà kò kéré. Ní 48,000 àti bit 24, tíráàkì kan, ìyẹn ìlà ohùn kan, ń jẹ bíi mẹ́gábáìtì 8.6 ní ìṣẹ́jú kan. Orin ìṣẹ́jú 4 tó ní tíráàkì 8 á sún mọ́ mẹ́gábáìtì 280, kí a tó máa tún un gbà.

Sọ́fítíwíà ló ń tọ́jú àwọn nọ́ńbà yìí, tíráàkì kan fún ohùn kan. Nígbà tí ẹ bá ní kó máa dún, ó ń mú nọ́ńbà tó bọ́ sí àkókò kan náà lórí tíráàkì kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè tàbí sílẹ̀ bí ẹ ṣe fa fader rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ro gbogbo wọn pọ̀. Àròpọ̀ lásán ni, àròpọ̀ kì í sì í yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì. Ọ̀nà kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ohùn fi ń dán èyí wò. Ẹ kó tíráàkì kan náà sínú sọ́fítíwíà méjì, ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ rí i pé òfin tí wọ́n fi ń pín ohùn sí ọ̀tún àti òsì bára mu, kí ẹ sì mú àbájáde méjèèjì wá. Ẹ wá dojú ọ̀kan kọ òdì, kí gbogbo ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ ti ń lọ sókè máa lọ sísàlẹ̀, kí ẹ sì rò ó mọ́ èkejì. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni ìdákẹ́jẹ́, nítorí méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohùn ti Pro Tools jinlẹ̀ ju ti Reaper lọ, ìwọ̀nyí ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: máìkì wo, yàrá wo, ta ló kọrin?

Níbi tí wọ́n ti yàtọ̀ gidi ni bí ọwọ́ ṣe ń lò wọ́n àti bí kọ̀ǹpútà ṣe ń rù wọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù, ìyẹn ìdádúró. Akọrin wọ hẹ́ẹ̀dìfóònù, ó kọrin, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọ ọ́ tán. Orin á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà kì í gba nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ń pọn omi ẹ̀rọ ló ṣe ń ṣe: ó ń dúró kí korobá kún kó tó gbé e rọ́rọ́ lọ. Buffer ni wọ́n ń pe korobá yẹn. Bí ó bá gba nọ́ńbà 1,024, ní 48,000, ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń gbà kó tó kún, bákan náà ló sì rí nígbà tó bá ń jáde bọ̀. Ìdá 43 nìyẹn lápapọ̀, àfi bíi pé akọrin dúró ní nǹkan bíi mítà 15 sí sípíkà tó ń gbọ́. Ẹ dín in kù sí 256, ìdádúró náà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí korobá bá kéré, kọ̀ǹpútà á máa lọ á máa bọ̀ léraléra, èyí tó bá ti gbó kò ní lè bá a mọ́, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ dín in kù nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn, ẹ gbé e sókè nígbà tí ẹ bá ń dà á pọ̀. Lórí Windows, ọ̀nà ASIO ni kí ẹ yàn nínú sọ́fítíwíà, ìyẹn ọ̀nà tóóró tí ilé-iṣẹ́ Steinberg ti Hamburg ṣe kí ohùn má bàa gba inú Windows yípo.

Ó ti wá kan yíyàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀? Bó bá jẹ́ ohùn èèyàn àti ìlù tí ọwọ́ lù, bí akọrin ìjọ Sẹ̀lẹ̀sítíà, ìjọ tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, tí Kùtọ́nú kún fún báyìí, Reaper ni èmi yóò kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́. Justin Frankel, ẹni tó ṣe Winamp, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò gba dátà púpọ̀ láti gbé wá sórí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti dàgbà, ó sì fún yín ní ọjọ́ 60 láti lò ó láìsí ohun tí wọ́n fi pamọ́. Owó rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì rówó ńlá nídìí iṣẹ́ náà jẹ́ dọ́là 60, nǹkan bíi 35,000 sẹ́fà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, ohun tí èèyàn lè tẹ̀ nínú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó lè kó ìdààmú bá akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fara dà á.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà hun ìlù àti ohùn èlò, tí ẹnì kan á wá kọrin lé e lórí, FL Studio ti ilé-iṣẹ́ Image-Line ní Belgium ló yá jù. Bí ó ṣe ń to ìlù sínú àpótí kéékèèké rọrùn fún ojú àti ọwọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe orin Afrobeats ní Nàìjíríà ló sì ń lò ó, nítorí náà ẹ ò ní wá olùkọ́ tì. Ẹ ṣọ́ra níbi méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yà tó rọjú jù, tí wọ́n ń pè ní Fruity Edition, kì í gba ohùn láti inú máìkì. Producer Edition ni kí ẹ rà. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ń dán an wò á jẹ́ kí ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín, àmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ tún un ṣí títí ẹ ó fi sanwó. Ẹni tí kò mọ̀ lè ṣe orin títí di òru, kó má sì lè fọwọ́ kàn án mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Fún ọ̀rọ̀ sísọ, ìwàásù, ìtàn, ètò rédíò, Audacity tó o. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní èdè Faransé, láti 1999 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà. Ẹ rí i pé ẹ̀dà 3.2 tàbí èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ní, nítorí nínú àwọn ti àtijọ́, àtúnṣe tí ẹ bá ṣe á wọ inú ohùn náà lọ pátá, ẹ ò ní lè máa yí i padà bó ṣe ń dún lọ. Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ, kó lo BandLab, tàbí GarageBand bó bá jẹ́ iPhone. Pro Tools lè dúró di ọjọ́ tí sítúdíò kan bá gbà yín síṣẹ́.

Ìlú náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú yíyàn yìí. Iná máa ń lọ, nítorí náà kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé dáa ju ti orí tábìlì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti orí tábìlì lágbára jù. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún sọ́fítíwíà pé kó máa tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ṣí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà Kùtọ́nú jẹ́ AZERTY, bẹ́ẹ̀ QWERTY ni ọ̀pọ̀ fídíò ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni. Reaper gbà yín láyè láti yí gbogbo àṣẹ ọwọ́ padà, èyí sì jẹ́ ìtura ńlá. Ariwo zémidjan, ọ̀kadà Kùtọ́nú, kì í jìnnà sí ojú fèrèsé. Máìkì bíi Shure SM58, tí ọ̀pọ̀ ìjọ ti ní lórí pẹpẹ orin wọn, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí títì, kí akọrin sì sún mọ́ ọn. Àwọn kan á fẹ́ da ẹ̀dà jíjí sínú kọ̀ǹpútà yín ní ọ̀fẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á. Ohun tó ń bá irú rẹ̀ wọlé ti pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ́, nígbà tí sọ́fítíwíà tòótọ́ wà tí kò gba kọ́bọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn fídíò òyìnbó kì í sọ. Láti 1997 tí irinṣẹ́ Auto-Tune ti dé, fífa ohùn akọrin sí orí ìró tó tọ́ ti di àṣà. Orin Yorùbá ń tẹ̀lé òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Fọ̀n àti ti Gùn. Bí ẹ bá mú kó fa ohùn le jù, á tẹ́ ibi tí ohùn ti ń yọ́ láti ìró kan bọ́ sí èkejì pẹrẹsẹ, olùgbọ́ á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ti ìyáàlù burú jù, torí nínú yíyọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ẹ má jẹ́ kí irinṣẹ́ yẹn fọwọ́ kan dùndún rárá.

Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ mú orin kúkúrú kan tí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ gba ìlù sí tíráàkì kan, olórí akọrin sí èkejì, àwọn elégbè sí ẹ̀kẹta, kí elégbè dúró yí máìkì kan ká bíi ti ayé Nagra. Ẹ gbìyànjú láti gé ibi tí akọrin ti wúkọ́, láti dín ìlù kù níbi tí ó ti bo ọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú gbogbo rẹ̀ jáde ní fáìlì WAV. Ẹ ṣe é nínú sọ́fítíwíà méjì tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí tó gbani láyè láti dán an wò. Èyí tí ẹ parí orin náà nínú rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni fún ìrànlọ́wọ́ ni kí ẹ mú, ó kéré tán fún ọdún kan. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra hẹ́ẹ̀dìfóònù tó bo etí dáadáa, kí ìró tó ń jáde nínú rẹ̀ má bàa padà wọ inú máìkì.