Ọjà Ọdún: Láti Sábó Ìkòròdú Dé Olúwo ní Ẹ̀pẹ́

Sátidé tó gbẹ̀yìn ṣáájú Kérésì ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú BRT ní Ìkòròdú. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ọyẹ́ ti fi eruku kun ojú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwọn agbèrò ti ń figbe ta, "Ìtàmàgà, wọlé! Ìtòkín, Ẹ̀pẹ́, ẹ mú ṣéńjì yín dání o!", èéfín ọkọ̀ àti òórùn àkàrà gbígbóná sì jọ ń bá ara wọn du imú ẹni. Mo gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ sí ọjà Sábó.

Àwọn tó ń ta apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn ni mo kọ́kọ́ bá. Wọ́n to wáìnì, bísíkíìtì, mílíìkì alágolo àti kọnfíléèkì sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn, oòrùn àárọ̀ sì ń kọ mànà lára rẹ̀. Obìnrin kan béèrè iye. Ó fi ìka tẹ ìdí apẹ̀rẹ̀ náà látìta: páálí rírún ló wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

"Àǹtí, ẹ má bà á jẹ́ fún mi o," ni ọmọkùnrin tó ń tà á wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà fojú ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ó ra wáìnì, bísíkíìtì àti mílíìkì irú kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò ra apẹ̀rẹ̀.

Nínú lọ́hùn-ún, ariwo ló júwe ìdí òkìrìkà fún mi. Ọkùnrin kan gun orí tábìlì, ó ń pàtẹ́wọ́, "Ṣà á! Ṣà á! Iye kan náà!" Àwọn ìyá gbé aṣọ lé àyà ọmọ wọn, wọ́n ń yẹ abíyá aṣọ wò, wọ́n ń fa síìpù sókè sódò. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já bélì, aṣọ gidi wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ le. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, owó a wálẹ̀, ohun tó kù nílẹ̀ náà a sì wálẹ̀.

Ìdí ìrẹsì ni mo pẹ́ sí jù. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ń kó àpò tiwọn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Láti oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n ti ń dá àjọ ọdún yìí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olórí wọn sì ní oṣù Kẹwàá làwọn ti sanwó fún alágbàtà, kí owó ọdún tó gorí ìrẹsì. Alájọ ojoojúmọ́ máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí èrè. Ẹgbẹ́ yìí kò mú kọ́bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn mẹ́rin tí kò dá àjọ kankan da owó pọ̀, wọ́n ra àpò kílò 50 kan, wọ́n sì ń fi kóńgò pín in. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fi ọwọ́ gé orí kóńgò. Àwọn mẹ́ta tó kù fi igbe bò ó. Ó bu òmíràn, ó jẹ́ kó ga.

Mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ó há, ó gbóná, adìyẹ ń ké lábẹ́ ìjókòó. Nígbà tá a dé ìhà Ìmọ̀tà, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó tó wà níbẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ṣí i ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ẹnì kan béèrè: kí ló dé tí ìrẹsì ìtòsí wa kò rọjú? Bàbá kan rántí LAKE, ìrẹsì tí ìjọba Èkó àti ti Kébbí jọ gbé jáde fún Kérésì ọdún 2016: ₦12,000 ni àpò kílò 50. Gbogbo ọkọ̀ hó yèè.

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Òórùn ọ̀sà, ẹ̀jẹ̀ ẹja àti èéfín ẹja yíyan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin tó ń họ ìpẹ́ ń fi í ta sí aṣọ gbogbo ẹni tó bá kọjá, ẹja àrọ̀ sì ń ta omi nínú bàsíà. Obìnrin tá a jọ wọkọ̀ wá láti Ìkòròdú mú ìwé jáde. Ilé mẹ́wàá ló kọ síbẹ̀, gbogbo wọn ló dá owó ọkọ̀ rẹ̀. Ká ní fún ara rẹ̀ nìkan ló wá rajà ni, owó ọkọ̀ ì bá jẹ èrè tó rí níbẹ̀ tán.

"Ìyàwó mi, ojú ẹ ṣáà rí i pé ó ṣì ń mí," ni ìyá ẹlẹ́ja kan wí fún un.

"Mo rí i, Ìyá. Èló ni jálẹ̀?"

"Èmi náà ń ṣọdún o."

"Ilé mẹ́wàá ni mo ń rà á fún, Ìyá. Ẹ má jẹ́ kí n dé ibòmíràn."

Wọ́n fà á títí. Ìyá náà já owó sílẹ̀, ó sì ju èpìyà méjì sí i bí ẹ̀ní. Oníbàárà wá ní kó fún òun ní ọ̀rá mẹ́wàá láti fi pín in.

"Owó ni ọ̀rá o!"

Obìnrin náà ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ọ̀rá àtijọ́ tó ti fọ̀ tó sì ká mọ́ra jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.