Òpó Alárinà: Bí 5G Ṣe Ń Dé Ibi Tí Okùn Fáíbà Kò Dé

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Verizon gbé 5G jáde ní ìlú Chicago àti Minneapolis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Íntánẹ́ẹ̀tì náà yára bí àṣá. Àmọ́ kí oníbàárà tó yà sí kọ̀rọ̀ òpópónà, tàbí kó tó wọlé tán, ó ti lè já.

Ìgbì rédíò tí wọ́n lò ló fà á. Ìgbì 28 GHz kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 11 lọ. Ògiri, ewé igi, àní ọwọ́ tí èèyàn fi di fóònù mú pàápàá, lè dí i lọ́nà. Síbẹ̀, àyè tó wà lórí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ fẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ kò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní láti ri òpó kéékèèké súnmọ́ra, kí wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ títì láti fa okùn fáíbà dé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ńlá ni.

Níbí ni òpó alárinà ti wúlò.

Ẹgbẹ́ 3GPP ló ń ṣe ìlànà irú òpó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àwọn àjọ méje láti Amẹ́ríkà, Yúróòpù, Ṣáínà, Jàpáànì, Kòríà àti Íńdíà ló sì para pọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀ lónìí. Ní 2020, wọ́n parí ìlànà kan fún 5G tí wọ́n ń pè ní IAB. Òpó kan ṣoṣo, ìyẹn òpó ìyá, ni yóò ní okùn fáíbà; àwọn yòókù, ìyẹn òpó alárinà, yóò máa gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, wọn yóò sì máa fi ránṣẹ́ síwájú.

Ojú méjì ni òpó alárinà ní. Lójú òpó ìyá, fóònù lásán ni. Lójú àwọn oníbàárà, òpó gidi ni. Bó bá ti ríná, a lè gbé e kọ́ sára òpó iná títì. Bí ọ̀nà kan bá dí, ó lè gba ọ̀dọ̀ òpó mìíràn.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò lè máa gbà kó sì tún máa fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òpó tó wà láàárín bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára ń dín kù, tí ìdádúró sì ń pọ̀.

Ìgbì 3.5 GHz tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, tà ní gbàǹjo fún MTN àti Mafab ní Nàìjíríà ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ń rìn jìnnà ju 28 GHz lọ. Bó ti wù kó rí, òpó ìyá kò lè ṣe kó má ní okùn. Ìjọba tó bá fẹ́ kí 5G kárí ìlú, okùn fáíbà ni kó kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀.