Ẹbí ni Trump àti Heinz: bí wọ́n ṣe ń tọpa ìdílé nílẹ̀ Jámánì

Nígbà míì tẹ́ ẹ bá rí ìgò ketchup Heinz, ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀ dáadáa. Orúkọ èèyàn ni. Henry John Heinz ló ń jẹ́, ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì bí i sí lọ́dún 1844. Àmọ́ bàbá tó bí i kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà o. Abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Kallstadt, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà fún wáìnì, ló ti wá. Abúlé yẹn náà ni wọ́n bí Friedrich Trump sí lọ́dún 1869. Friedrich yìí ni bàbá àgbà Donald Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà.

Àwọn tó ń gbé Kallstadt lónìí ò ju nǹkan bí 1,200 lọ. Abúlé kan ṣoṣo, ọ̀kan ketchup, ọ̀kan ààrẹ! Ẹ gbọ́ ná, kò tíì tán: ìbátan làwọn méjèèjì.

Nínú èdè tiwa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la sábà máa ń pe gbogbo ìbátan, bó ti wù kó jìnnà tó. Torí náà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kà á. Ìyá tó bí bàbá Heinz ń jẹ́ Charlotte Louisa Trump. Obìnrin yìí àti bàbá tó bí bàbá Friedrich Trump, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ìyẹn ni pé bàbá Heinz àti bàbá Friedrich jẹ́ ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Henry àti Friedrich fúnra wọn wá jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin ni ìbátan yẹn gbà wá, obìnrin tó sì lọ sílé ọkọ máa ń fi orúkọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi orúkọ Heinz nìkan wá ẹbí Heinz kiri, kò ní rí Trump láéláé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n á gbọ́ pé gbajúmọ̀ kan ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti ara gbajúmọ̀ yẹn wá sọ́dọ̀ ara wọn. Müller ni ẹni tó ń lọ ọkà. Schmidt ni alágbẹ̀dẹ. Schneider ni télọ̀. Abúlé wo ni kò ní alágbẹ̀dẹ? Nígbà tí orúkọ iṣẹ́ wá di orúkọ ìdílé, ọ̀pọ̀ abúlé tí kò bá ara wọn tan ló ní Schmidt tirẹ̀. Heinz pàápàá, gígékúrú orúkọ Heinrich ni, àwọn Heinrich sì pọ̀ bí yanrìn. Ní agbègbè Westphalia, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọkùnrin tó bá fẹ́ obìnrin tó ni oko lè gba orúkọ oko yẹn. Ọmọ bàbá kan náà, orúkọ ìdílé mẹ́ta!

Ọ̀nà tó dáa ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ara yín, kẹ́ ẹ máa gùn ún lọ sókè ní ìran kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má sì fò.

Ṣé ẹ máa bá gbajúmọ̀ pàdé? Ó ṣeé ṣe gan-an, ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀. Òbí méjì ló bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Òbí àgbà jẹ́ mẹ́rin, àwọn tó bí wọn jẹ́ mẹ́jọ, ó ń di ìlọ́po méjì lọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà sẹ́yìn ní ìran mẹ́wàá, ìyẹn nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, àyè 1,024 ló wà níbẹ̀. Ní ìran ogún, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ìran ọgbọ̀n, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ọdún 1800 ni gbogbo èèyàn tó wà láyé tó pé bílíọ̀nù kan. Ṣé ìṣirò náà ti bàjẹ́ ni? Rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan náà máa ń gba àyè méjì, mẹ́ta, tàbí ogún nínú ìlà ìdílé kan ṣoṣo, torí pé àwọn ìbátan tó ti jìnnà síra ń fẹ́ra wọn láìmọ̀.

Lọ́dún 2013, Peter Ralph àti Graham Coop fi DNA ṣe irú ìwádìí yìí ní Yúróòpù. Wọ́n rí i pé ẹni méjì tó ń gbé ní ìkángun méjì Yúróòpù pàápàá ní ọ̀pọ̀ baba ńlá kan náà láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹ wá fojú inú wo abúlé bíi Kallstadt, níbi tí ọmọ àgbẹ̀ kan ti ń fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kejì láti ìran dé ìran. Ẹni tó bá rí i pé ìyá ìyá àgbà òun ti ibẹ̀ wá, kò ní ṣòro kó bá Trump tàbí Heinz tan. Ó bá àwọn yòókù nínú ìwé náà tan pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni ò kàn gbọ́ orúkọ tiwọn ni.

Ìwé wo là ń sọ? Láti January 1, 1876 ni ìjọba ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Jámánì, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Standesamt. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìwé wà. Pásítọ̀ máa ń kọ ọjọ́ ìsàmì, orúkọ òbí, orúkọ àwọn tó dúró fún ọmọ, nígbà míì iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe pàápàá. Lọ́dún 1563, Ìjọ Àgùdà pa á láṣẹ pé kí gbogbo àlùfáà máa kọ ìsàmì àti ìgbéyàwó sílẹ̀, àwọn ìjọ Luther kan sì ti ń ṣe é ṣáájú ìgbà náà. Apá ìwọ̀-oòrùn odò Rhine, níbi tí Kallstadt wà, tún yàtọ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ Faransé gba ibẹ̀, láti 1798 ni wọ́n sì ti ń kọ ìwé ìjọba níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín tẹ́ ẹ bá rí i pé Johannes di Jean lójijì, tí déètì sì di "oṣù Ventôse, ọdún kẹjọ". Kàlẹ́ńdà ìyípadà ìjọba Faransé nìyẹn, tábìlì tí wọ́n fi ń yí i padà sí kàlẹ́ńdà tiwa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ìkànnì Archion ló ní ti àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, wọ́n ń gbowó. Matricula ló ní ọ̀pọ̀ ti Ìjọ Àgùdà, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ìjọba tó bá ṣì sún mọ́ wa ò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn: ó gbọ́dọ̀ pé ọdún 110 fún ìbí, 80 fún ìgbéyàwó, 30 fún ikú, àyàfi tó bá jẹ́ pé ìdílé yín gan-an ni.

Kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ abúlé. Èyí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ìwé Amẹ́ríkà á kàn kọ "Jámánì", tàbí "Bavaria", torí pé ṣáájú 1871 kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Jámánì. Ọba Bavaria ló ni Kallstadt nígbà yẹn, bó tiẹ̀ jìnnà gan-an sí Munich tó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ Neustadt lẹ rí, ẹ kú iṣẹ́. "Ìlú tuntun" ló túmọ̀ sí, Neustadt sì pọ̀ káàkiri Jámánì. Ìwé àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi lè ràn yín lọ́wọ́. Ti èbúté Hamburg láti 1850 sí 1934 ṣì wà, ó sì sábà máa ń sọ ibi tí èrò ti wá. Ti Bremen ni kò dáa: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ṣòfò, apá kan torí pé àyè tí wọ́n á kó o sí ò sí, apá kan nígbà ogun.

Ọwọ́ ìkọ̀wé ni ìdènà tó kàn. Kurrent ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà "e" inú rẹ̀ dà bí "n", bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi àmì kékeré sórí "u" kí wọ́n má bàa pè é ní "n". Ẹni tó mọ èdè Jámánì dáadáa lónìí lè má lè kà á. Èèyàn lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣá, tó bá ń fi orúkọ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dánra wò. Ẹ tún ṣọ́ra fún Johann. Ìdílé kan lè ní ọmọkùnrin mẹ́rin, kí gbogbo wọn máa jẹ́ Johann: Johann Georg, Johann Heinrich, Johann Peter. Orúkọ kejì ni wọ́n ń pè wọ́n nílé. Bàbá Heinz gan-an, Johann Heinrich ni. Ọmọ tó bá sì kú ní kékeré, wọ́n lè fún àbúrò rẹ̀ ní orúkọ kan náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ wo ìwé ikú pẹ̀lú, kẹ́ ẹ má lọ gbé ẹni tó kú lọ́mọ ọdún méjì níyàwó.

Ní apá ibi tí Kallstadt wà yìí, ọ̀pọ̀ ìlà ìdílé máa ń já sí nǹkan bí àárín ọdún 1600 sí 1700. Ogun Ọgbọ̀n Ọdún (1618 sí 1648) pa ọ̀pọ̀ abúlé run. Nígbà tó tún yá, àwọn ọmọ ogun Faransé jó ìlú Speyer lọ́dún 1689. Ìwé tó bá jóná ti jóná nìyẹn.

DNA ńkọ́? Ó wúlò, àmọ́ kì í sọ ìtàn. Ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò máa ń ní nǹkan bí 12.5% DNA kan náà. Ọmọ-ọmọ wọn, bíi Henry Heinz àti Friedrich Trump, nǹkan bí 3%. Ìran tó tẹ̀ lé e, kò tó 1%. Tó bá tún fi ìran kan jìnnà sí i, nǹkan bí ìdajì irú ìbátan bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ò ní rí rárá, bẹ́ẹ̀ ẹbí gidi ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò á sọ fún yín pé ẹ bá ẹnì kan tan. Ibi tẹ́ ẹ ti pàdé, ìwé ló máa sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò kọjá. Lọ́dún 1933, ìjọba Hitler ṣòfin pé òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí Júù kankan nínú àwọn òbí àgbà òun. Lójijì, ìwé ìsàmì tí pásítọ̀ ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́ di ohun tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó máa rí iṣẹ́ ṣe, ẹni tó máa lè gbéyàwó, àti nígbẹ̀yìn, ẹni tí wọ́n máa pa. Èèyàn ń lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì láti gba ẹ̀dà, wọ́n ń kọ ohun tó wà níbẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ahnenpass. Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ní in nínú àpótí títí dòní. Àwọn tó ń tọpa ìdílé ń lò ó, torí déètì inú rẹ̀ sábà máa ń péye. Ẹ ṣáà mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Friedrich Trump. Ọmọ ọdún 16 ni, ó ti kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀, nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi Eider láti Bremen lọ́dún 1885. Ìwé tí wọ́n kọ nígbà tó dé New York ní October 19 pe orúkọ rẹ̀ ní "Friedr. Trumpf", pẹ̀lú "f" níparí. Ó rí owó nídìí ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí èèyàn ń rọ́ lọ wa góòlù ní àríwá Kánádà. Nígbà tó yá, ó padà sí Kallstadt, ó fẹ́ ọmọ àdúgbò rẹ̀, Elisabeth Christ, lọ́dún 1902. Ó wù ú kó máa gbé ibẹ̀. Ìjọba Bavaria kọ̀. Wọ́n ní ó ti sá lọ láìṣe iṣẹ́ ológun, kó kó ẹrù rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí Luitpold, ọmọ ọba tó ń ṣàkóso Bavaria nígbà náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun dúró. Pàbó ló já sí. Òpìtàn kan tó ń jẹ́ Roland Paul ló rí ìwé àṣẹ tí wọ́n fi lé e kúrò, ọdún 1905 ni wọ́n kọ ọ́, ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́dún 2016.

Elisabeth wà nínú oyún nígbà tí wọ́n kúrò ní July 1905. Ní October ọdún yẹn, ó bí ọmọ náà sí New York. Fred ni wọ́n sọ ọ́, òun ni bàbá Donald. Fred yìí ló fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún àwọn èèyàn pé Sweden ni ìdílé àwọn ti wá. Ìwé The Art of the Deal tó jáde lọ́dún 1987 lábẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ náà. Gbogbo àsìkò yẹn, ìwé ìsàmì Kallstadt wà níbi tó wà.