Kí a tó pààrọ̀ brain box ọkọ̀: ohun tí ó yẹ kí onímọ́tò mọ̀

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà lójoojúmọ́ ni ó jẹ́ tòkunbọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú wọn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Òun ni ó ń pinnu ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì yóò lò àti àkókò tí plọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Bí ó bá bàjẹ́, ọkọ̀ lè kọ̀ kí ó má ṣiṣẹ́ rárá, tàbí kí ó kú lójijì lójú pópó.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ó kú ni brain box rẹ̀ bàjẹ́. Bátìrì tí kò lágbára mọ́, fíúsì tí ó jó, wáyà tí eku jẹ tàbí èyí tí ó dípẹtà lè fa irú ìṣòro kan náà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí rìwáyà tí ó mọṣẹ́ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ yín wò. Bí ẹ̀rọ náà bá gbé P0601 tàbí P0606 jáde, ó ń tọ́ka sí brain box fúnra rẹ̀. Kí ó tún yẹ àwọn wáyà tí ń gbé iná lọ síbẹ̀ wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: bí ó bá jẹ́ wáyà ni ó jó ti àkọ́kọ́, yóò jó tuntun pẹ̀lú.

Kí ẹ tó ránṣẹ́ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tí ó wà lára brain box àtijọ́. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, 89661 ni ó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà, ṣùgbọ́n ìyókù ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì, jíà àti ọdún ọkọ̀ bá ṣe rí. Kí méjì jọra lójú kò sọ wọ́n di ọ̀kan. Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nìkan ni brain box ń dá mọ̀, kí olè má baà gbé ọkọ̀ lọ. Ẹ béèrè ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ yín bá tuntun mu, àti iye tí yóò gbà, kí ẹ tó sanwó.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi í sí i:

1. Kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ tú wáyà ẹsẹ̀ òdì bátìrì.
2. Kí wọ́n má ṣe fi agbára fa àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí omi má sì kàn án.
3. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá bátìrì padà, kí wọ́n tún fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò.
4. Kí ẹ wa ọkọ̀ náà nítòsí ilé ná, kí ẹ tó gbé èrò.

Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì fi àdéhùn ìdápadà sínú ìwé. Ẹ má ju ti àtijọ́ nù títí tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí a lè nílò ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ jẹun kò gbọdọ̀ ná owó rẹ̀ sórí ohun tí kò bàjẹ́.