Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ olè, inú ilé ni nǹkan ti bàjẹ́: Ohun tó da ìdánwò JAMB 2025 rú

Ọmọ tó bá fẹ́ jíwèé wò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò JAMB láyé ìsinsìnyí, kó yáa múra dáadáa. Láti 2015 tí wọ́n ti pa ìdánwò orí bébà tì pátápátá, tí gbogbo rẹ̀ di ti orí kọ̀ǹpútà, bíi ẹni ń wọ yàrá tí báǹkì ń kówó sí ni wọ́n ṣe ń wọbẹ̀. Fóònù kò gbọ́dọ̀ wọlé, aago ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ yẹ ìka ọwọ́ wò, kámẹ́rà á sì máa ṣọ́ wọn.

Àwọn kọ̀ǹpútà inú ibẹ̀ gan-an kò mọ ohun tó ń lọ nígboro. Ó kéré tán, 250 ni JAMB ní kó wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Wáyà ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní sẹ́fà, òun ló ń pín ìbéèrè, òun náà ló ń gba ìdáhùn. Kò sáyè pé ọmọ ń sá lọ sórí Google. Bọ́tìnì mẹ́jọ péré tó láti fi ṣe gbogbo ìdánwò náà: A, B, C àti D láti fi yan ìdáhùn, mẹ́rin yòókù láti fi lọ síwájú, sẹ́yìn, tàbí láti parí iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọ aráyé. Bí wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn làwọn kan ń wá fèrèsé. Ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò 2025 rí ẹjọ́ 4,251 níbi tí wọ́n ti dọ́gbọ́n pa ìka ẹni méjì pọ̀, kí ẹlòmíì lè wọlé ṣe ìdánwò fún ọlọ́mọ.

Olè kọ́ ló wá da tọdún náà rú o. JAMB fẹ́ kí ẹ̀rọ máa da ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀, kí ohun tó jẹ́ A fún Táíwò jẹ́ C fún Kẹ́hìndé. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ àfi kí wọ́n fi àtúnṣe náà sórí àwọn sẹ́fà. Wọ́n fi sórí èyí tí wọ́n ń pè ní ti Kàdúná, wọn kò fi sórí ti Èkó, tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Làwọn ọmọ bá ń yan ohun tó dáa, tí ẹ̀rọ ń ní wọ́n kùnà.

Ta ni yóò rí i? Yàrá títì ni. Nígbà tí èsì sì jáde, tí àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kò gba tó 200 nínú 400, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń wí ni pé àwọn ọmọ ò kàwé, orí fóònù ni wọ́n ń sùn. Ká sòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni èsì 2024 ṣe burú, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ara tètè fu wọ́n. Ariwo àwọn ọmọ àtàwọn òbí ló jẹ́ kí wọ́n tú u wò.

Lọ́jọ́ 14, oṣù karùn-ún, 2025, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, jẹ́wọ́ l'Ábùjá pé àṣìṣe náà kan ọmọ 379,997 ní ibùdó 157: 206,610 l'Ékòó, 173,387 nílẹ̀ Ìgbò. Ó tọrọ àforíjì, ó sì bú sẹ́kún lójú àwọn oníròyìn.

Ọjọ́ 16 ni wọ́n ní kí àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré! Bẹ́ẹ̀, WAEC ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n máa ka àwọn tó wá tún un ṣe, ó lé ní 21,000 ọmọ tí kò yọjú rárá.