Nígbà Tí Orí Fífọ́ Bá Ti Inú Etí Wá

Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ló jẹ́ ti ibà. Bí ọ̀fìnkìn bá ti ń ṣe ọmọ, tí orí wá ń fọ́ ọ, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó ń fa etí, tí kò sì lè sùn lóru, ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wo etí rẹ̀ kí ẹ tó ra oògùn ibà.

Lẹ́yìn awọ tó wà nínú ihò etí, àyè kékeré kan wà. Ọ̀nà tóóró kan so ó mọ́ ẹ̀yìn imú. Bí ọ̀fìnkìn bá dí ọ̀nà yìí, omi á dúró síbẹ̀, kòkòrò àrùn á pọ̀ nínú rẹ̀, á sì di ọyún. Ọyún yìí ló ń ti awọ etí, tí ìrora fi ń ràn dé ẹ̀bátí àti gbogbo orí. Ọ̀nà náà kúrú nínú ọmọdé, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe wọ́n ju àgbà lọ.

Ìrora ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Paracetamol dára: miligíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, ní wákàtí 6 sí wákàtí 6, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ara wọn máa ń yá láàárín ọjọ́ 3 láìlo oògùn apakòkòrò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 6, bí etí bá ń tú ọyún, tàbí bí kò bá dẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 2 sí 3, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá kọ amoxicillin fún un, kí ó lò ó tán.

Ẹ má ṣe da òróró, ọmú ìyá tàbí kẹrosíìnì sí etí, ẹ má sì fi igi wá a. Fífi ìka tútù pa etí nígbà àlùwàlá kò léwu. Bí etí bá ń tú ọyún, ẹ fi òwú tí a fi Vaseline pa dí i nígbà ìwẹ̀. Ní ti ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, ẹ bi àáfà yín.

Bí ẹ̀yìn etí bá wú, tí ọrùn gan, tí ọmọ ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tí ojú rẹ̀ wọ́ sápá kan tàbí tí orí fífọ́ náà le gan-an, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àrùn náà lè ti dé egungun tàbí ọpọlọ.

Lẹ́yìn tí ìrora bá lọ, omi lè wà nínú etí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ọmọ má sì gbọ́ràn dáadáa. Kí ẹ tó nà án nílé-kéwú pé olóríkunkun ni, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà. Āmīn.