Bí Wọ́n Bá Fi Ẹ̀sùn Olè Kàn Yín



Àwọn àgbà ní: «Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.» Ọ̀rọ̀ olè ni òwe yìí ti wúlò jù lọ. Bí ẹnì kan bá kígbe «Olè! Olè!» lọ́jà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Igi àti òkúta ni wọ́n ń gbé. Àwọn mìíràn a wá táyà àti epo bẹntiróòlù. Bí wọ́n bá ti pa onítọ̀hún tán, kò sí ẹni tó lè gbọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé kò jí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wí.

1. Ta ni òfin ń pè ní olè?

Olè ni ẹni tó fi èrú mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé. Èkíní, ó mú nǹkan náà. Èkejì, nǹkan náà jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta, ó mọ̀ọ́mọ̀ mú un pẹ̀lú èrò búburú. Bí ọ̀kan kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tíì di olè.

Ká sọ pé ewúrẹ́ aládùúgbò yín tẹ̀lé tiyín wọlé lálẹ́, tí ẹ kò mọ̀. Ẹ kò jalè. Ká sọ pé ẹ gbé àpò àgbàdo ẹlòmíràn lọ́jà nítorí pé ó jọ tiyín. Àṣìṣe ni, ẹ tètè dá a padà. Gbèsè náà kì í ṣe olè. Ẹni tó yá owó tí kò rí i san, onígbèsè ni. Ẹjọ́ gbèsè ní ọ̀nà tirẹ̀, kì í ṣe àtìmọ́lé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ẹrù tó mọ̀ pé wọ́n jí i ni, òfin yóò mú òun náà. Nítorí náà, bí ẹ bá ra alùpùpù tàbí tẹlifóònù àlòkù, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

2. Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi

Òfin ńlá Bẹ̀nẹ̀ jáde ní ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 1990. Ẹsẹ̀ 17 rẹ̀ wí pé aláìṣẹ̀ ni a ó ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sí, títí ilé-ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi ní gbangba, lẹ́yìn tí ó bá ti rí àyè gbèjà ara rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ó fi hàn pé ẹ kò jalè. Ẹni tó pè yín lólè ni yóò mú ẹ̀rí wá. Bí adájọ́ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ̀yin ló yẹ kí ó gbè.

Àwùjọ kò ní àṣẹ láti lu olè. Ẹni tó bá pa afurasí, apànìyàn ni. Bí ẹ bá gbọ́ «Olè!», ẹ má gbé igi. Ẹ pe ọlọ́pàá.

3. Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 ni polísì àti jandáámù ti di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá mú yín, ẹ má sá, ẹ má sì bá wọn jà. Ẹ fi sùúrù béèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé:

— ẹ lẹ́tọ̀ọ́ kí ará ilé yín mọ ibi tí ẹ wà;
— ẹ lẹ́tọ̀ọ́ kí dókítà tí ẹ bá yàn yẹ̀ yín wò;
— ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò, ẹni tí wọ́n ń pè ní avocat;
— ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lù yín kí ẹ lè jẹ́wọ́.

Ẹsẹ̀ 18 òfin ńlá wí pé wọn kò gbọ́dọ̀ tì yín mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé wọ́n mú yín dé iwájú adájọ́. Bí wọ́n bá mú yín ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó parí ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Adájọ́ lè fi kún un bí òfin bá gbà á, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 8.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú èèyàn yín sílẹ̀. Bí ó bá kọjá àkókò, ẹ lè kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ òfin ńlá ní Kútọnu, tí wọ́n ń pè ní Cour constitutionnelle. Ẹ kọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì fọwọ́ sí i tàbí kí ẹ tẹ̀ka. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ilé-ẹjọ́ yẹn ti dájọ́ pé irú àtìmọ́lé bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin.

4. Ẹ ṣọ́ ìka yín

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Ọlọ́pàá yóò kọ ohun tí ẹ sọ sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní P.V. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọn yóò ní: «Fọwọ́ sí i níbí.» Ẹni tí kò gbọ́ Faransé lè tẹ̀ka sí ohun tí kò sọ rárá. Ó lè wí pé: «Mo rí àpò náà», kí wọ́n kọ ọ́ pé ó gbé e.

Ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún yín ní èdè yín. Bí ohun kan kò bá rí bí ẹ ṣe sọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀yin náà lè kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Wọn yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kọ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ìka tí a tẹ̀ sínú ìwé náà bẹ́ẹ̀ ni.

5. Níwájú adájọ́

Bí ẹ kò bá gbọ́ Faransé, adájọ́ gbọ́dọ̀ fún yín ní ògbufọ̀. Ẹ má tijú láti béèrè. Bí wọ́n bá lù yín lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, ẹ fi ojú ọgbẹ́ àti ìwé dókítà hàn.

Adájọ́ kì í fi ìbúra nídìí Ògún dájọ́. Ẹlẹ́rìí, ìwé, àti nǹkan náà fúnra rẹ̀ ló ń wò. Ṣé ẹ wà níbòmíràn lọ́jọ́ náà? Ẹ mú ẹni tó rí yín wá. Ṣé tiyín ni ẹrù náà? Ẹ mú ìwé tí ẹ fi rà á wá, tàbí ẹni tó mọ àmì ara ẹran yín.

Bí ẹjọ́ náà bá wúwo, bíi ti olè oníbọn, ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró láìsí agbẹjọ́rò. Bí ẹ kò bá lówó, ilé-ẹjọ́ ni yóò yan ọ̀kan fún yín.

Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ jí i ńkọ́? Ẹ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo èyí. Ẹ sọ òtítọ́ fún agbẹjọ́rò yín. Ẹ dá ohun tí ẹ mú padà. Ìyẹn kò pa ẹjọ́ rẹ́, ṣùgbọ́n adájọ́ lè rò ó mọ́ yín lára.

Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù. Ọjọ́ rẹ̀ kì í pọ̀. Lọ́jọ́ ìdájọ́ gan-an ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ilé-ẹjọ́ iye ọjọ́ tí ẹ ní.

Ìbéèrè

1. Ohun mẹ́ta wo ló ń sọ èèyàn di olè?
2. Wákàtí mélòó ni ọlọ́pàá lè fi tì yín mọ́lé kí wọ́n tó mú yín dé iwájú adájọ́?
3. Kí ni ẹ ó ṣe kí ẹ tó tẹ̀ka sí P.V.?
4. Bí wọ́n bá kígbe «Olè!» ní àdúgbò yín lónìí, kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ jọ sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ yín.